KÍ BAÁLÉ ILÉ TÓ KÓ ÌDÍLÉ RẸ̀ LỌ SÍ ÈKÓ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fún ẹ̀dá ní ilẹ̀ gbígbòòrò láti máa rìn lórí rẹ̀ wá ìjẹ-ìmu. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ó ṣòro kí a tó rí agbo ilé kan ní Ìwó, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìlọrin tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnì kan kò ti kó lọ sí Èkó. Òmíràn lọ, ó rí ṣe. Òmíràn lọ, ó fi ẹsẹ̀ kọ. Bí a bá wádìí ohun tí ó fa ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ọ̀kan gbọ́n ju èkejì lọ tàbí pé ó ní owó lọ́wọ́ jù ú lọ. Ọ̀kan lọ wo ibẹ̀ kí ó tó di ẹrù. Èkejì di ẹrù kí ó tó wo ibẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

ÀPẸẸRẸ TÍ Ó WÀ NÍNÚ HIJRA

Àwọn kan a máa sọ pé ẹni tí ó bá gbára lé Ọlọ́hun kò nílò ìwádìí púpọ̀. Wọ́n ní kí ènìyàn ṣáà máa lọ, Ọlọ́hun yóò ṣe é. Èrò yìí kò bá ìṣe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun mu. Nígbà tí àwọn ará Yathrib, ìlú tí a mọ̀ sí Mọ̀dínà lónìí, kọ́kọ́ bá a ṣe àdéhùn ní Aqabah ní nǹkan bí ọdún 621, kò dìde lójú ẹsẹ̀ kí ó kó gbogbo ènìyàn lọ. Mus'ab ọmọ Umayr ni ó rán lọ ṣáájú. Mus'ab gbé láàárín wọn, ó kọ́ wọn ní ẹ̀sìn, ó mọ àwọn ìdílé ibẹ̀ àti àwọn olórí wọn, ó sì padà wá jíṣẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Mùsùlùmí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ó kan Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ní ọdún 622, òun àti Abu Bakr háyà afinimọ̀nà kan tí ń jẹ́ Abdullah ọmọ Urayqit. Ọkùnrin yìí kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣe é fọkàn tán. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ òní jù ni pé Ànábì kò kó àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ìyàwó rẹ̀ dání lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ó dé Mọ̀dínà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀, ni ó tó rán Zayd ọmọ Harithah àti Abu Rafi padà sí Mẹ́kà láti lọ kó Fatimah, Umm Kulthum àti Sawdah wá. Àwọn ará ilé Abu Bakr náà wá lẹ́yìn. Bí ẹni tí ó ní ìlérí Ọlọ́hun bá ṣe ètò báyìí, ta ni yóò sọ pé ètò kò kan òun?

ÈKÓ ỌJỌ́ ÀÌKÚ ÀTI ÈKÓ ỌJỌ́ AJÉ

Kí a fi ọ̀rọ̀ káfíńtà kan láti Ìwó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin yìí ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin. Ó lọ sí ìgbéyàwó kan ní Èkó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e láti Ìkòròdú gba orí afárá gígùn tí wọ́n ń pè ní Third Mainland, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Ọ̀nà ṣófo, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dé Erékùṣù Èkó, níbi tí ẹnì kan ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Ọkùnrin náà ní, “Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní jíjìnnà?” Ọjọ́ náà ni ó san owó yàrá kan ní Ìkòròdú. Kí oṣù tó parí, ó ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìwó, ó sì ti kó ìdílé rẹ̀ dé.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ni ó tó rí Èkó. Kí ó tó lè bá ọ̀gá rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ, ó di dandan kí ó jáde kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ó wọlé títí di ẹ̀yìn ìrun Ìṣáì. Àwọn ọmọ a ti sùn nígbà tí ó bá jáde, wọn a sì ti sùn nígbà tí ó bá dé. Àkọ́bí rẹ̀ jókòó sílé fún sáà kan gbáko nítorí pé bàbá rẹ̀ kò béèrè ọ̀rọ̀ ilé ìwé kí wọ́n tó kó wá. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ní oníbàárà aṣọ òfì nílé, kò mọ ẹnì kankan tí yóò rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò Òkúdù dé, omi wọ yàrá, ó ba ẹní àti ìwé àwọn ọmọ jẹ́. Nínú oṣù karùn-ún, gbèsè ti wọlé. Òru ni obìnrin náà kó àwọn ọmọ padà sí Ìwó, kí àwọn aládùúgbò má baà rí wọn.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ wo Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n Èkó ọjọ́ Àìkú ni ó wò.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OJÚ WÒ

Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìlú ńlá, kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ọjọ́ iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ó jáde láti àdúgbò tí ó fẹ́ gbé ní agogo márùn-ún àárọ̀, kí ó wọ ọkọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ dé ibi iṣẹ́, kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú wọn. Kí ó kọ iye owó àti iye wákàtí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦1,500 ni àlọ àti àbọ̀ ń gbà lójúmọ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 24 lóṣù, ₦36,000 ni owó ọkọ̀ nìkan. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Èyí já sí pé ojú ọ̀nà ti jẹ ju ìdajì lọ kí a tó dá oúnjẹ. Kò sì yẹ kí a gbàgbé bí owó ọkọ̀ ṣe fò sókè ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo kan kúrò ní iye tí kò tó ₦200, tí ó ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí ó wò ó bóyá ọkọ̀ ojú irin wà nítòsí. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní ọdún 2023. Èkejì, tí ó wà láàárín Agbádó àti Ọyìngbò, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá sì ní ọ̀kadà ni òun fẹ́ lọ gùn, kí ó mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Erékùṣù Èkó wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ra alùpùpù wá láti ilé, tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì.

Ní ti ilé, kí ó wo ara ògiri. Omi tí ó bá ti wọlé rí a máa fi àmì sílẹ̀, bí onílé tilẹ̀ kùn ún lọ́dà. Kí ó bi ìyá tí ń ta ata ní ẹnu ọ̀nà pé ibo ni omi ń dé bí òjò bá rọ̀. Ìlú tí ọ̀sà àti òkun yí ká ni Èkó. Òjò ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2011 jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá rántí. Kí ó béèrè iye wákàtí tí iná ń dé lójúmọ́, ibi tí omi mímu ti ń wá, àti iye ìdílé tí yóò jọ lo ilé ìwẹ̀ kan.

Kí ó wọ ilé ìwé, kí ó bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Kí ó wo ilé-kéú àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kí ó kírun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ òótọ́ ìlú, nítorí pé ẹni tí kò ní ilé láti tà fún un kò ní ìdí láti tàn án.

ALÁGBÀTÀ ILÉ ÀTI ẸNI TÍ Ó GBANI LÁLEJÒ

Kí ó ṣọ́ra fún ẹni tí ó gba owó yàrá kan lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin. Kí ó má san owó kí ó tó rí onílé fúnra rẹ̀, kí àwọn ayálégbé sì jẹ́rìí sí i pé onílé ni. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò fàyè gba kí a béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì pọn ọ́n ní dandan kí onílé fún un ní ìwé ẹ̀rí owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ àwọn àdúgbò bíi Ìkòyí àti Àpápá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè ọdún méjì. Kí ó ka owó àdéhùn àti owó alágbàtà mọ́ ọn, nítorí pé wọ́n kì í dárúkọ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀wẹ̀, ìbátan tí ó gbà á sílé, ènìyàn ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀sìn fi sí ẹ̀tọ́ àlejò. Ohun tí ó bá lé sí i, sàárà ni. Kí ó gbé nǹkan dání, kí ó má sì sọ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́fà.

OBÌNRIN ILÉ ŃKỌ́?

Àṣìṣe tí ó tóbi jù ni kí ọkùnrin dá ìpinnu yìí ṣe. Ìyàwó ni yóò pọn omi, òun ni yóò mọ ọjà, òun ni yóò sì wà nílé nígbà tí òjò bá dé. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ọkọ bá ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ó mú aya rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó san owó. Obìnrin yóò rí ohun tí ọkùnrin kò rí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ ni yóò kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n jọ dá ìgbà tí yóò wá kó wọn. Ìtàn fi yé wa pé Umar ọmọ Khattab fi gbèdéke sí iye ìgbà tí ọmọ ogun lè fi wà lẹ́yìn ìdílé rẹ̀. Ẹni tí ó lọ wá ibùgbé fún ọmọ, tí ó wá di ẹni tí ọmọ kò mọ ojú rẹ̀ mọ́, ohun tí ó lọ wá ni ó sọnù yẹn.

Ní ìparí, ẹni tí ó bá lọ wo Èkó, tí ó sì rí i pé apá òun kò ká a, kò pàdánù. Owó ọkọ̀ àti ọ̀sẹ̀ kan ni ó ná. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwé, ọ̀sán gangan ni ó sì fi wọ ìlú rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá rí i pé ó ṣe é ṣe, kí ó padà wálé, kí ó kírun Istikharah, kí ó tó di ẹrù.

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò lé ọ̀nà rere, kí Ó má sọ baálé kankan di ẹni tí yóò fi òru bojú kó ìdílé rẹ̀ wálé. Àmín.