Iye Tí A Pe Ilé Kọ́ Ni Iye Tí Yóò Wọ Àpò

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn onílé ní Òkè Ọya

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti fi òógùn ojú wọn kọ́ ilé sí Kánò, sí Kàdúná àti sí Jọ́ọ̀sì. Ọjọ́ ń bọ̀ tí onílé yóò fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, tàbí tí bàbá yóò kú, tí àwọn ọmọ yóò sì pinnu láti ta ilé náà. Kì í sábà jẹ́ orí títà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe orí owó tí ó kù. Olúkúlùkù ti pín iye tí olùrà dá lọ́kàn ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó yọ gbèsè kúrò.

Ẹ jẹ́ kí ilé kan ní Kàdúná ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ mẹ́rin ni ó jogún rẹ̀, ₦40,000,000 ni wọ́n sì fẹ́ tà á. Ọkàn olúkúlùkù wà lórí ₦10,000,000. Ṣùgbọ́n bí alágbàtà bá gba náírà 5 nínú 100, ₦2,000,000 lọ. Bí lọ́yà bá gba iye kan náà, ₦2,000,000 mìíràn tún lọ. Bàbá ti fi ìwé ilé náà dógò ní báńkì, gbèsè tí ó kù sì jẹ́ ₦6,500,000. Àtúnṣe òrùlé àti ọ̀dà kíkùn gba ₦1,200,000. Owó ilẹ̀ ti ìjọba àti owó iná tí a kò tí ì san jẹ́ ₦300,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦12,000,000. Ohun tí ó kù ni ₦28,000,000: mílíọ̀nù 7 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 10.

Bí olùrà bá wá ná an títí tí ó fi wálẹ̀ sí ₦36,000,000 ńkọ́? Owó alágbàtà àti ti lọ́yà yóò dínkù sí ₦3,600,000, ṣùgbọ́n ₦8,000,000 ti gbèsè àti àtúnṣe dúró gbọnin. ₦24,400,000 ni yóò kù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni iye ilé fi wálẹ̀. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ sì ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Gbèsè kì í dínkù nítorí pé ilé kò tà dáadáa.

Ohun mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn ìṣirò yìí. Èkínní, bí bàbá kò bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀, àwọn ajogún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní ilé-ẹjọ́, owó sì wà níbẹ̀. Èkejì ni ìyọ̀ǹda Gómìnà, èyí tí Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 béèrè. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1989 pé àdéhùn lórí ilẹ̀ tí kò ní ìyọ̀ǹda yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin gbé gbígbà rẹ̀ lé olùtà lọ́wọ́. Bí olùrà ni yóò san owó rẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ẹ̀kẹta ni owó orí. Orí èrè ni a ti ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí gbogbo iye tí a ta ilé. Òfin owó orí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026. Nítorí náà, kí olùtà tọ́jú gbogbo ìwé owó tí a fi ra ilẹ̀ àti èyí tí a fi kọ́ ilé.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí àwọn ajogún jókòó pọ̀ kí wọ́n tó pe alágbàtà. Kí wọ́n béèrè iye gbèsè ní báńkì, kí wọ́n sì gba èsì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Kí wọ́n bá alágbàtà àti lọ́yà dúnàádúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì: lórí iye tí wọ́n ń fẹ́, àti lórí iye tí ó kéré jù tí wọ́n lè gbà. Kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ọmọ ìyá mẹ́rin ta ilé bàbá wọn tán, kí wọ́n sì tún máa jẹun nínú àwo kan náà.