Kóló Kan fún Ọgọ́ta Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún wa ní Ìkòtún)

Ẹ ní kí n wá sọ bí ìwé owó ẹgbẹ́ wa ṣe di ohun tí a ń fi kọ̀ǹpútà kọ. N kò ní í yin ara mi, nítorí àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rò fún yín.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ìwé ńlá tí akápò wa ń gbé kiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, akọ̀wé a máa kọ òdo síwájú orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, òdo 60 fún ilé 60, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa ro ó. Kọ̀ǹpútà kò fẹ́ irú làálàá bẹ́ẹ̀. Ní èdè Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, gbé jáde ní 1991, bí a bá kọ [0] * 60, àyè 60 yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, òdo yóò sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Nígbà tí èdè Fortran kọ́kọ́ dé ní 1957, ńṣe ni a ní láti pàṣẹ kí ẹ̀rọ máa lọ láti àyè kan sí èkejì.

Èyí dùn mọ́ mi. Mo wá rò ó pé òdo kò tó. Mo fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, níbi tí owó tí wọ́n bá san yóò máa wọlé sí. Àkọsílẹ̀ òfìfo ni [] jẹ́ ní èdè náà. Mo bá kọ [[]] * 60, mo sì lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá kan tí ń ta ata ní ọjà Ìkòtún san ₦2,000. Mo tẹ̀ ẹ́ sí àkọsílẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé náà, gbogbo ilé 60 ló ti san ₦2,000! Ilé tí a kò rí kọ́bọ̀ wọn láti ọdún mẹ́ta, àwọn náà ti san. Bí mo bá ti kà á jáde ní ìpàdé, à bá yin onígbèsè, à bá sì bèèrè ₦120,000 lọ́wọ́ akápò, nígbà tí ₦2,000 péré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí a máa ń pe akápò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé mo ní kí amọ̀kòkò mọ kóló 60 ni. Kóló kan ṣoṣo ni ó mọ, ó sì kọ orúkọ ilé 60 sí i lára. Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí òdo kò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ní tòótọ́, òdo kan náà ni gbogbo àyè wọ̀nyẹn jọ ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n òdo kì í ṣe kóló, a kò lè sọ nǹkan sínú rẹ̀. Bí ilé kan bá san owó, a ó mú òdo kúrò ní àyè tirẹ̀, a ó fi iye mìíràn rọ́pò rẹ̀, ti àwọn yòókù kò ní í mì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn: [[] for ile in range(60)]. Èyí ń pàṣẹ kí ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ kóló titun níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ohun kan kù. Nígbà tí a dín owó ilé kọkànlá dé ogún kù sí ₦1,000, nítorí gọ́tà tí wọ́n fi owó ara wọn là, ohun tí ó yẹ kí n kọ ni owo[10:20] = [1000] * 10. Òdo ni òǹkà èdè náà ti ń bẹ̀rẹ̀, àyè tí a sì dárúkọ kẹ́yìn kì í sí lára wọn. Mo ṣèèṣì kọ 9 dípò 10 tó kẹ́yìn. Python kò bá mi wí rárá. Ńṣe ni ó pa àyè kan rẹ́, ìwé wa di ti ilé 59, ilé kọkànlélógún sì bọ́ sí ipò ogún. Nínú NumPy, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2006, owo[10:20] = 1000 ti tó, iye àyè kò sì ní í yí padà. Òun ni mo ń lò nísinsìnyí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà nìyẹn lórí tábìlì akápò. Kí ilé kọ̀ọ̀kan wá wo kóló tirẹ̀ kí a tó tú ká.