Bí Wọ́n Bá Ní Ọrọ̀ Ajé Nàìjíríà Yóò Fà Sẹ́yìn

 

Lọ́dọọdún la máa ń gbọ́ lórí rédíò pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà yóò dàgbà, tàbí pé yóò fà sẹ́yìn. Ṣé ká gbà wọ́n gbọ́? Ẹni tó ń kó ọjà lọ tà fún wọn, tó sì yá owó ṣe é, ọ̀rọ̀ yìí lè sọ ọ́ di onígbèsè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún kan: oko, epo, iṣẹ́ ọwọ́, òwò. Wọ́n á yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò, wọ́n á wá fi wé ti èṣí. Bí ó bá dín, ó ti fà sẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ wo ọdún 2016. Ní oṣù kìn-ín-ní, àjọ FMI ní Nàìjíríà yóò dàgbà ní ìdá 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹrin, wọ́n ní 2.3. Ní oṣù keje, wọ́n ní yóò fà sẹ́yìn ní 1.8. Nígbà tí ọdún parí, ó fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 1.6. Kí ló dé? Àgbá epo tó ju 100 dọ́là lọ ní àárín 2014 ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là. Ní oṣù kejì, àwọn jàǹdùkú fọ́ ọ̀pá epo Forcados, epo fúnra rẹ̀ kò wá ṣàn tó. Dọ́là wọ́n, náírà sì ṣubú ní oṣù kẹfà.

Ọdún 2020, ọdún Kòrónà, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹfà, àjọ kan náà ní yóò fà sẹ́yìn ní 5.4. Lópin ọdún, kò tó 2.

Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni? Rárá o. Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó í tẹ̀ lé. Ẹ máa wo ibi tí wọ́n ń yí i sí: bí ti ìgbà kejì bá kéré sí ti àkọ́kọ́, tí ti ìgbà kẹta tún kéré sí i, ẹ tètè dín àwìn kù.

Àmì tiwa náà wà. Sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù, náírà kò so mọ́ ọn. Bí náírà bá ṣubú, ẹni tó ń tajà fún ará Nàìjíríà pàdánù. Ẹni tó ń fi sẹ́fà ra ọjà wọn lè jèrè. Ilé kan náà, ọ̀tọ̀ ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ló kù. Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019. Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá 2020. Ìdí-Ìrókò kò ṣí àfi ní 2022. Síbẹ̀, ọrọ̀ ajé Bẹ̀nẹ̀ dàgbà ní ìdá 3.8 ní 2020. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Kútọnù kì í ṣe nọ́ńbà ọjà ẹnubodè. Orílẹ̀-èdè lè dàgbà kí ìlú kan máa rù.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọba wa: ẹ jẹ́ kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà, iye àpò àgbàdo tó wọlé, iye tó tà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká gbé e lọ bá mẹ́ẹ̀rì àti àwọn aṣòfin wa. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú ẹkún nìkan, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú ìwé, wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò gbọ́.