Bí Ilẹ̀ Bá Pín, Níbo Ni Ààlà Yóò Gbà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)



Àwọn kan ń pè fún kí Yorùbá ya kúrò lára Nàìjíríà. N kò wá sọ pé kí ẹ fara mọ́ ọn tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: níbo ni ààlà yóò gbà? Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Kétu àti Ìkòsí tí a wà yìí, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Ìlọrin àti Kàbà ńkọ́? Kí òmìnira tó dé ní 1960, ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ kí wọ́n dá wọn pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Àríwá kò fi wọ́n sílẹ̀. Bí ìyapa bá dé lọ́la, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà?

Ojúkwu kéde Biafra ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, Gowon ti pín Ìlà-Oòrùn sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Ojúkwu ní ti Biafra ni Port Harcourt. Ìjọba àpapọ̀ ní ti Ìpínlẹ̀ Rivers ni. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ọ̀pọ̀ Ìgbò tó nílé níbẹ̀ padà dé, wọ́n sì bá a pé ilé wọn ti di ilé tí onílé sá fi sílẹ̀.

Ìbò ni South Sudan fi kúrò lára Sudan ní 2011. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì ń du Abyei. Àdéhùn ọdún 2005 ní kí àwọn ará Abyei dìbò yan ibi tí wọ́n ń lọ. Ìjà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò kò jẹ́ kí ìbò náà wáyé bí wọ́n ti ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò dá oúnjẹ àti màlúù dúró ní Àríwá. Wọ́n dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró ní Jẹ́bà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni, owó àlùbọ́sà ti lé. Orílẹ̀-èdè kan náà la ṣì wà nígbà yẹn o! Bí Jẹ́bà bá wá di bodè, awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúró níwájú aṣọ́bodè. Ọmọ Kano tó ń já tòmátì ní Máìlì 12, ọmọ Ìgbò tí a jọ ń ti ẹnu ẹ̀rọ bọ̀, ṣé àlejò ni wọn yóò dà?

Nítorí náà, ẹni tó bá bá yín sọ̀rọ̀ ìyapa, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ṣé àwọn tó ń gbé ẹ̀bá ààlà ni yóò dìbò fún ara wọn? Èkejì: ilé, iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó bá bọ́ sí òdìkejì ńkọ́? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò dá ẹjọ́ ààlà kí ìbọn tó dún? Bí kò bá lésì, ẹ ní kó lọ ronú sí i.

Ní tiwa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ààlà tí kò tíì sí dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a jọ ń dá owó ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.