Gbòǹgbò tó ń wosàn, tó sì ń pani

Ọ̀rọ̀ asofẹ́yẹjẹ ni mo bá wá.

Gbogbo wa la mọ igi yìí. Ó ń hù létí oko wa ní agbègbè Atakpamé. Bí ẹ bá ṣá a, oje funfun á jáde. Èso rẹ̀ máa ń pọ́n, ẹyẹ á sì máa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Ṣé oògùn ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Tipẹ́tipẹ́ làwọn àgbà ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Súísì yọ oògùn kan nínú gbòǹgbò ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Wọ́n pè é ní reserpine. Ó wà nínú tiwa náà. Ó ń mú ara balẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, kọ̀wé nípa báwọn oníṣègùn Yorùbá ní Nàìjíríà ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè.

Kí ló wá dé tó fi ń pani? Ìwọ̀n ni. Gíráàmù 1 reserpine tó láti fi ṣe hóró oògùn 4000. Ta ló lè fi ojú wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Kì í sì í tètè kúrò lára: ti òní ń gun orí ti àná. Bó bá pọ̀ jù, èèyàn á máa bì, oorun á gbé e lọ, ọkàn rẹ̀ á máa lù díẹ̀díẹ̀. Ó lè má jí mọ́.

Nítorí náà:

1. Ẹ má wa gbòǹgbò yìí mu fúnra yín.

2. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú sódábì. Ọtí ń fi kún agbára rẹ̀.

3. Kí aboyún àti ọmọdé má mu ún. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fi kún un.

4. Bí ẹnì kan bá mu ún tí oorun ń gbé e lọ, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú gbòǹgbò náà dání, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó mu fún dókítà. Ẹ má tijú. Ẹni tó bá fi pa mọ́, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré.

5. A ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ìgò àgbo tó bá wà nílé, ẹ kọ orúkọ gbòǹgbò inú rẹ̀ sí i lára, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é. Kẹ́ ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ti lè tó o.