Ọkọ̀ Oníná àti Tiransifọ́mà Àdúgbò

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn dípò epo, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni bóyá iná orílẹ̀-èdè yóò káárí. Ní Nọ́wè, níbi tí nǹkan bí ọkọ̀ 9 nínú 10 tuntun tí wọ́n tà lọ́dún 2024 ti jẹ́ oníná, agbára omi tí ń dà láti orí òkè ni wọ́n fi ń ṣe iná tí ó pọ̀ jù, iná náà sì káárí dáadáa. Àdúgbò ni ìnira ti ń bẹ̀rẹ̀, lára tiransifọ́mà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń rọ agbára iná ńlá orí wáyà gíga sílẹ̀ kí ó tó wọ inú ilé.

Àwọn tí wọ́n fa wáyà àdúgbò kò ṣírò rẹ̀ pé gbogbo ilé yóò lo iná tí ó pọ̀ jù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jàre, nítorí pé kẹ́tù tí ń fa kilowáàtì 2 (kilowáàtì ni òṣùwọ̀n bí iná tí ohun èlò ń fà ṣe pọ̀ tó) kò ní í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí omi tó hó, wọn a sì ti pa á kí aládùúgbò tó tan tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì ọkọ̀ nílé, ní tirẹ̀, lè máa fa kilowáàtì 7 fún odindi wákàtí mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn bá sì dé láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń ki í bọ iná, nígbà tí sítóòfù àti ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù.

Ooru ni ó ń pa tiransifọ́mà. Bí iná tí ń gba wáyà inú rẹ̀ kọjá bá di ìlọ́po méjì, ooru wáyà náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Bébà tí wọ́n fi wé e, tí wọ́n sì rì sínú òróró, a máa gbó, ìlànà tí àwọn onímọ̀ sì ń lò ni pé bí ìgbóná bá fi dígírì 6 kọjá ibi tí ó yẹ, bébà náà yóò máa yára gbó ní ìlọ́po méjì. Òru ni òróró yìí ń ráyè tutù. Ẹni tí ó bá wá ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba iná lóru nítorí pé owó iná dín, ìsinmi ẹ̀rọ ni ó ń gbà, bí gbogbo ọkọ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà tí owó dín, ìnira ìrọ̀lẹ́ kàn ṣí lọ sí òru ni. Ìdí nìyí tí ìlànà Bìrìtéènì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022 fi ní kí ẹ̀rọ tuntun kọ̀ọ̀kan tí ń fi iná sí ọkọ̀ nílé lè dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí kò bá ti ẹlòmíràn mu, títí dé 10, kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́wè gba ọ̀nà owó. Láti oṣù Keje ọdún 2022, apá kan owó wáyà, tí ó yàtọ̀ sí owó iná fúnra rẹ̀, ń tẹ̀ lé àwọn wákàtí tí ilé kan ti fa iná jù lọ nínú oṣù, mítà tí ń ka iná ní wákàtí wákàtí ni ó sì mú un ṣeé ṣe. Ètò yìí bá ẹ̀tọ́ mu, nítorí pé ẹni tí ó fa tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò ní í máa san owó tiransifọ́mà tí ẹlòmíràn mú gbóná.

Níbi tí wáyà kò ti lágbára rárá, èbúté Lavik àti Oppedal ní Nọ́wè, létí Sognefjord, apá òkun tí ó wọ àárín òkè lọ, fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní ọdún 2015 ni ọkọ̀ ojú omi oníná tí ń jẹ́ Ampere, tí ó lè gba mọ́tò 120, bẹ̀rẹ̀ sí í ná ibẹ̀, ìṣẹ́jú bíi 10 péré tí mọ́tò fi ń sọ̀, tí òmíràn sì ń wọlé, ni ó fi ń gba iná. Wáyà abúlé kò lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀ lójijì. Nítorí náà wọ́n gbé bátìrì ńlá sí èbúté kọ̀ọ̀kan, tí ń fa iná abúlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí omi, tí ó sì ń tú u fún ọkọ̀ bí ó bá ti gúnlẹ̀. Owó bátìrì yìí kò kéré, ṣùgbọ́n wáyà ńlá tí wọn ì bá fà dípò rẹ̀ yóò wulẹ̀ wà lásán ní gbogbo àkókò tí kò bá sí ọkọ̀ ní èbúté.