Ojú Ọkọ̀ Tó Ti Ṣú: Ọ̀rọ̀ Tí Alága Bá Àwọn Ọlọ́kọ̀ Inú Ẹgbẹ́ Sọ

  Lọ́dọọdún, ohun tí alága máa ń sọ ní irú ìpàdé yìí ni ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, àti ti òkú tí a gbé lọ sílé. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún akọ̀wé àti akápò. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dópin.

Kí n tó wọlé, mo ka ọkọ̀ akẹ́rù 11 níta. Nínú wọn, 7 ni ojú iná wọn ti pọ́n rúsúrúsú bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ọkọ̀ wa ni. Àwọn ni wọ́n ń kó ọjà wa láti Adjamé lọ sí Daloa, sí Gagnoa, sí Man, sí Korhogo. Àwọn mìíràn ń gba Aboisso àti Noé kọjá sí Ghana, wọ́n ń la Togo àti Benin já, títí wọ́n á fi dé Sẹ̀mẹ̀, kí ẹrù tó dé Èjìgbò, Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé òru ni wọ́n ń rìn, torí ẹni tó bá fẹ́ bá ọjà àárọ̀ kò lè sun ojú ọ̀nà.

Mo ní Toyota Dyna kan tí mo rà ní àlòkù. Dírẹ́bà tó ń wà á, ọmọ agbègbè wa nílé ni. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá, iná ọkọ̀ yìí ò ríran mọ́ o.” Mo ní kó ra gílóòbù tuntun. Ó rà á, ó tún padà wá. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra gílóòbù alágbára, èyí tí wọ́n kọ 100/90 sí, dípò 60/55 tó yẹ ọkọ̀ náà. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, àwo tó ń dán bíi fàdákà nínú iná sì jóná, ó dúdú. Ìran tí iná náà ń rí wá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ náà tún wá, mo ní kó rọra máa sáré. Ẹ̀yin èèyàn mi, ní oṣù yẹn gan-an ni mo sanwó fún ayàwòrán kó kọ “Orí Mi Gbè Mí” sí iwájú ọkọ̀ kan náà. Owó ayàwòrán wà. Owó iná ni kò sí.

Láàárín Gagnoa àti Soubré, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ọkọ̀ agbégẹdú kan bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Kò ní iná kankan lẹ́yìn. Ewé ni wọ́n já sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ìgbà tí dírẹ́bà mi máa rí ewé, ó ti gun orí rẹ̀. Ó ya ọkọ̀ sọ́wọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì lọ lu gẹdú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn ni ọmọ ọkọ̀ jókòó sí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi dá ìdajì owó ilé ìwòsàn, ẹ kò sì bi mí léèrè ohunkóhun. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, òun ló ń kọ ìwé ọjà, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi lọ. Àwọn ọlọ́pàá bi dírẹ́bà pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní, “Iná ò ríran.” Mo dúró níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ọlọ́kọ̀ ní nǹkan kan. Bí a bá ń gégi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò: èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Treichville nígbà tí ẹni tí mo rán níṣẹ́ ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi àwọn mẹkáníìkì, àwọn rẹ́wáyà àti àwọn akunlé ọkọ̀ léèrè ọ̀rọ̀, mo sì ń ka ohun tí mo bá rí kà.

Àwọn àgbà tó bá rántí Bedford àti Austin ayé ọjọ́sí á rántí pé ojú iná wọn kì í pọ́n. Dígí ni. Òkúta lè fọ́ ọ, ṣùgbọ́n oòrùn kò lè rí i ṣe. Èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní jẹ́ ike kan tí wọ́n ń pè ní polycarbonate. Ní 1953 ni ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì àti òmíràn ní Amẹ́ríkà rí i, kálukú lọ́tọ̀. Ó fúyẹ́, kì í sì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni oòrùn. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ máa ń fi vernis líle kan bò ó láti dáàbò bò ó. Oòrùn Abidjan ń jẹ vernis yìí díẹ̀díẹ̀, eruku ọyẹ́ apá Korhogo àti iyanrìn ọ̀nà pupa ń ha á. Ọjọ́ tó bá tán lára rẹ̀, ike fúnra rẹ̀ ló kàn. Á pọ́n, á sán wẹ́wẹ́, á wá dà bí ìkùukùu. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kò dín kù o, inú ibẹ̀ ló há sí. Ìdí nìyí tí gílóòbù tuntun kò fi ràn mí lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán èyí wò ní ọdún 2018. Wọ́n rí i pé iná tí ojú rẹ̀ ti ṣú lè máà mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ tuntun jáde. Nígbà tí wọ́n ha á tí wọ́n sì dán an, ó padà sí nǹkan bí 70 nínú 100. Ojúlówó tuntun láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló pé 100. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe wà láàárín 83 àti 90. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ sì rántí pé ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá híha ló yẹ ẹ́ tàbí pípààrọ̀? Ẹ da omi sí ojú iná. Bí ó bá mọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún ṣú bí ó ti ń gbẹ, ìta ló ti bàjẹ́, híha á ṣe é. Bí omi kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ wo inú. Bí àwo fàdákà inú bá ti jóná bíi tèmi, ẹ má fi owó yín ṣòfò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìrì ló ń gbá jọ sínú rẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń gbẹ lọ́sàn-án, ó ti ní ojú ibi tí omi ń gbà wọlé: ẹ tú u, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa.

Híha kò le. Ẹ fọ ojú iná náà, ẹ fi téèpù bo ara ọkọ̀ yíká rẹ̀. Sáńpépà tí a ń fi omi lò ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Nọ́ńbà 800 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, omi ọṣẹ ò gbọdọ̀ gbẹ lójú rẹ̀, títí omi pupa tó ń ṣàn á fi di funfun. Ẹ wá bọ́ sí 1500, sí 2000, sí 3000. Ẹ̀rù á bà yín níbẹ̀, torí ojú iná á funfun bí wàrà. Ẹ má dúró. Ẹ fi ìpara ìdán tí àwọn akunlé ọkọ̀ ń lò dán an, yóò mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wà. Ike yẹn ti wà níhòòhò. Bí ẹ kò bá fi vernis ọkọ̀ bò ó, èyí tí wọ́n ń po mọ́ durcisseur, lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oṣù mélòó kan ni kó tún pọ́n, á sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má kùn ún nínú oòrùn tàbí nígbà tí òjò ṣú, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan kó gbẹ. Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín ṣe é, mi ò bá wọn jà. Ó ń dán, ó dà bíi pé ó dára lójú ẹni tó ń ṣe visite technique, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń dènà oòrùn. Àwọn ọmọ tó ń fi oògùn ẹ̀fọn nù ún ní ibùdókọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń yọ́ ike yín ni, ẹ tún ń fún wọn lówó.

Bí ó bá di pípààrọ̀, ọ̀pọ̀ wa ni yóò lọ sí casse, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà. Kò burú, èmi náà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Japan àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń gbà á ní Nàìjíríà kí ó tó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, tí àwọn ará Ghana náà sì ń gbà á títí di 1974. Wọ́n ṣe iná ọkọ̀ wọn kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gòkè díẹ̀ lápá òsì, níbi ẹ̀bá ọ̀nà tiwọn. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ wá sí Abidjan, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló máa tàn sí. Ọkọ̀ Japan tí wọ́n kàn gbé ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì lè ṣì wà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ojú iná náà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà E nínú àmì róbótó, tí ọfà kékeré kan wà nítòsí rẹ̀ tó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wo iná látiwájú, tàwọn tó ń gba òsì nìyẹn. Bí E bá wà láìsí ọfà, tiwa ni. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tàn án sí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìlà ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gòkè. Méjèèjì ni kí ẹ sì pààrọ̀ pọ̀, kí ọkọ̀ má baà ní ojú kan tó ríran àti ojú kan tó fọ́.

Bí a bá dè é tán, ẹ gbé ọkọ̀ sí mítà 10 sí ògiri lálẹ́. Iná kékeré gbọ́dọ̀ gé ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán, nísàlẹ̀ ibi tí gílóòbù ga dé. Kí ẹrù wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò ó, torí ẹrù ń tẹ ẹ̀yìn, imú á sì gbé sókè. Gílóòbù LED aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kiri ní Adjamé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki í bọ inú iná tí wọn kò ṣe fún un.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti ra sáńpépà, ìpara ìdán àti vernis tó lè tó ọkọ̀ 20. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kun ọkọ̀ ní Yopougon ti gbà láti ṣe é láìgba owó iṣẹ́. Sunday méjì tó ń bọ̀ ni, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, nínú ọgbà yìí. Kí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ wá, kó má rán dírẹ́bà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kálukú á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà rẹ̀, a ó jọ lọ dé péage Attinguié, a ó sì padà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń lo bátìrì 24 folti, kó sọ fún akọ̀wé kó tó lọ lónìí, torí gílóòbù tirẹ̀ yàtọ̀.